Ṣé ó tọ́ kí àlejò sanwó ju onílé lọ lẹ́nu géètì pápá bọ́ọ̀lù?

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Apátá ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá, èmi, àbúrò mi ọkùnrin àti ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 wọ mọ́tò wá sí Abẹ́òkúta láti wá wo ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, àwọn tó wà níwájú wa san ₦1,000. Bó ṣe kàn mí, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wo aṣọ ọrùn wa, ó tún gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní ₦2,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ni tiwa, àti ọmọ náà. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ṣebí ará Ìbàdàn ni yín? Àlejò ni yín." Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ ti ń sunkún, mo bá sanwó. Àbúrò mi ní ìrẹ́jẹ ni. Èmi rò ó pé bóyá ẹgbẹ́ onílé lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí àwọn ló ni pápá. Ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, àbúrò rẹ ló jàre. Mo tètè sọ ọ́ kí o má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ gígùn tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwọ náà rò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló ní èrò yẹn lọ́kàn, èmi náà sì ní in fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 11 ni mo fi jókòó sẹ́nu géètì fún ẹgbẹ́ kan ní Abẹ́òkúta níbí. Èmi ni mo ń gba ìdì tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, èmi ni mo ń ka owó lálẹ́ tí mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo wá ń bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣètò ẹnu géètì tiwọn. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà, torí ibẹ̀ ni mo gbà pé èrò "àlejò ni, ẹ bù ú lé e" ti ṣẹ̀ wá. Bí o bá lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, tí ìyá tó ń tà á gbọ́ ohùn rẹ pé o kì í ṣe ará ibí, ó lè pe aṣọ ₦6,000 ní ₦9,000. Kò sẹ́ni tó máa ń bínú sí i. O lè ná an. O lè dá ₦4,000 lé e. O lè yí ẹ̀yìn padà bí ẹni ń lọ, kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè ọ́ pé "Ẹ padà wá, ẹ̀yin oníbàárà mi." Bí kò bá sì pè ọ́, ìsọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ta irú aṣọ kan náà. Iye tó kọ́kọ́ pè yẹn, wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni.

Ẹnu géètì pápá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tà. Ọjà kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀, bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn, tí yóò ti tán kí wákàtí méjì tó pé. Ìwọ tí o ti wọ mọ́tò láti Apátá, tí o gba Ọmí-Adió kọjá, tí o gba Bákàtàrí kọjá, ìsọ̀ wo lo fẹ́ yà sí? Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì mọ èyí dáadáa. Ó mọ̀ pé owó mọ́tò rẹ ti wọlé sọ́wọ́ awakọ̀, ó mọ̀ pé o kò lè rìn padà sílé láìwo ohun tí o tìtorí rẹ̀ wá, ó sì ń gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ. Nítorí náà, ₦1,000 kejì tó gbà lọ́wọ́ rẹ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìjókòó tàbí bọ́ọ̀lù. Ìrìn àjò rẹ ló fi gbà á. Bí ọ̀nà ẹni bá ṣe jìn tó ni agbára rẹ̀ láti kọ̀ ṣe máa ń kéré tó, òun gan-an ni wọ́n sì ń gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ náà wà.

Àwọn baba wa ní ìlú yìí mọ irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní orúkọ fún un. Láyé tí Ẹ̀gbá ń dá ìjọba ara wọn ṣe, kí ó tó di 1914, àwọn oníbodè máa ń jókòó sí ẹnubodè ìlú, oníṣòwò tó bá sì fẹ́ gbé ẹrù kọjá a san owó bodè. Owó náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìlú, mi ò sì ní bá àwọn tó ti lọ jà. Ṣùgbọ́n owó bodè ni wọ́n pè é, gbogbo ayé sì mọ̀ pé torí pé èèyàn ń kọjá ni wọ́n ṣe ń gbà á. Ẹgbẹ́ tó bá ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn nítorí ibi tó ti wá, owó bodè ló ń gbà, kò yẹ kó kọ orúkọ tíkẹ́ẹ̀tì sára bébà.

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ iye ló burú. Ẹni tó jókòó sórí àga VIP lábẹ́ òrùlé kò lè san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó jókòó sórí kọnkéré ní pópúlà sáìdì. Ó dára kí ọmọdé san ìdajì tàbí kó má san rárá. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ lè san iye tó dín sí ti ẹni tó dé lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù gan-an, torí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ tètè mọ iye èrò tó ń bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún náà wà, èyí tí alátìlẹ́yìn máa ń rà lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo sáà. Bí a bá pín in sí iye bọ́ọ̀lù tó máa wò, iye rẹ̀ á rọjú. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni yẹn ti gbé owó sílẹ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ máa jáwé olúborí tàbí wọ́n á máa lù ú láti oṣù dé oṣù, ó ń wá lọ́jọ́ òjò, ó ń wá nígbà tí ẹgbẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì.

Ohun tí mo fi ń yẹ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ni pé, ẹni tí wọ́n gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ǹjẹ́ ohun kan wà tó lè ṣe kí òun náà san kékeré? Ará Ìbàdàn tó ń gbé ní Àṣẹ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta bó bá wù ú. Ìwọ náà lè ra tìrẹ ní Ọjọ́bọ̀ bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lo lè ṣe sí ohùn ẹnu rẹ? Gbogbo wa la mọ̀ pé ará Ìbàdàn máa ń sọ "sé" níbi tí ẹlòmíràn á ti sọ "ṣé". Ǹjẹ́ a máa wá fi ìyẹn díye lé èèyàn? Ọmọ Ẹ̀gbá mélòó ni wọ́n bí sí Ìbàdàn? Ọmọ Ìbàdàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́, tó ti di alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ wa pátápátá? Bí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bá ń fi etí yan èèyàn, alátìlẹ́yìn tirẹ̀ ló máa gba owó àlejò lọ́wọ́ rẹ̀, àlejò tó gbọ́n tó sì bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú báàgì yóò sì san owó onílé kọjá lọ.

Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn, má fojú kékeré wò ó, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ya ìjókòó àwọn àlejò sọ́tọ̀ ni kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Bí ìjókòó àlejò bá wá wọ́n ju ti onílé lọ, àwọn ọ̀dọ́ inú wọn á bọ́ aṣọ, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì onílé, wọ́n á sì jókòó sáàárín àwọn tí wọ́n ń bá díje. Wọ́n á dákẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ tiwọn á gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ọ̀kan nínú wọn á gbàgbé ara rẹ̀, á fò sókè. Mo ti rí i kí wọ́n la orí ọmọ ọdún 19 torí ìfò kan ṣoṣo yẹn. Owó tí ẹgbẹ́ rò pé òun rí lẹ́nu géètì ti kéré jù láti fi san irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

O ní àwọn ló ni pápá. Jẹ́ ká wò ó. Pápá MKO Abíọ́lá tó wà ní Kútọ̀, ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ni, owó ìlú ni wọ́n sì fi tún un ṣe kí eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè tó wáyé níbí ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tó ń san owó orí ní Ògùn ti dá sí pápá náà ṣáájú, nítorí náà kó san kékeré. Nínú gbogbo àwíjàre tí àwọn onílé máa ń mú wá, èyí nìkan ló máa ń jẹ́ kí n dúró kí n ronú. Ibi tí mo bá a dé nìyí: kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé owó orí lẹ́nu géètì. Ọmọ ọdún 17 tí kò tíì san owó orí rí, ₦1,000 náà ló ń san. Olùkọ́ ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, tí ìjọba Ògùn ń yọ owó nínú owó oṣù rẹ̀, ₦2,000 ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé pápá Lékan Sàlámì ní Adamásingbà, n'Ìbàdàn, owó ìlú ni wọ́n fi kọ́ òun náà. Bí Ìbàdàn bá ṣe ohun kan náà sí wa, kí la jèrè?

Ọ̀rọ̀ ti kan ibi tí mo fẹ́ kó kàn. Ààró ni líìgì. Àwọn bàbá wa àgbẹ̀ máa ń kó ara wọn jọ, wọ́n á ro oko lágbájá lónìí, wọ́n á ro ti tàmẹ̀dù lọ́la, títí á fi yí gbogbo wọn ká. Ẹni tí ọjọ́ kàn ló ń se oúnjẹ fún àwọn tó wá bá a ro oko. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò kó se oúnjẹ burúkú fún wọn kó ní "àlejò ni wọ́n", torí kí oṣù tó yí, òun náà á gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sí oko wọn, ìyàwó wọn á sì se oúnjẹ tirẹ̀. Nínú líìgì, gbogbo ẹgbẹ́ ń gba ara wọn lálejò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń lọ ṣe àlejò lẹ́ẹ̀kan. Kò sí onílé tí kò ní di àlejò kí sáà tó parí. Àlejò yìí kò sì wá lásán. Ẹgbẹ́ kan kò lè bá ara rẹ̀ díje. Ariwo tí àwọn ará Ìbàdàn ń pa ní ìhà kejì pápá wà lára ohun tí ará Abẹ́òkúta sanwó wá gbọ́.

Mo ṣẹ̀ sí ààró yìí rí, mo sì fẹ́ sọ ọ́. Ọdún kẹta mi lẹ́nu géètì ni. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta tó kó àwọn àlejò yọ láti ọ̀nà Láfẹ́nwá, ìlù ń dún nínú wọn. Ọ̀gá wa sáré wá bá mi, ó ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì fún àwọn yẹn." Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀, iye tó wà lára rẹ̀ kò sì yí padà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gba owó náà. Ìyá kan wà láàárín wọn, àgbàlagbà, ó di gèlè tó bá àwọ̀ ẹgbẹ́ wọn mu. Ó ka owó ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú mi. Bó bá san iye tí mo pè, kò ní rí owó mọ́tò tó máa gbé e padà sílé. Kò bá mi jà. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi níta, ó ń fi etí gbọ́ bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn odi. Gbogbo ìgbà tí ariwo bá sọ ló ń bi àwọn ọmọ tó ń ta omi pé, "Ta ló gbá a wọlé?" Gòólù kan ṣoṣo ló wọlé lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló gbá a. Kò rí i. Títí dòní ni mo máa ń rántí bó ṣe di owó náà padà sí etí aṣọ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, owó wa lé díẹ̀, inú ọ̀gá wa dùn. Nígbà tó yí kan àwa láti lọ sí ìlú wọn, wọ́n dá àwọn ọmọ wa dúró lẹ́nu géètì tiwọn, ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n pè. Nínú àwọn bí ọgọ́rin tó bá ẹgbẹ́ lọ, àwọn tó wọlé kò tó ọgbọ̀n. Àwọn yòókù jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí bọ́ọ̀lù fi parí. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì wọn kan ṣoṣo ló wá, àwa náà kò sì rí èèyàn tó kún bọ́ọ̀sì kan kó jọ. Ìwé tí mo kọ owó sí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe. Wò ó báyìí: ká sọ pé àlejò 60 wá, o gba ₦2,000 lọ́wọ́ wọn, ₦120,000 nìyẹn, o ti fi ₦60,000 jèrè ju iye tó yẹ lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, 15 péré ló wá, ₦30,000. Bó bá jẹ́ pé ₦1,000 lo gbà tí o sì gbà wọ́n dáadáa, tí wọ́n wá ní 150 lọ́dún kejì, ₦150,000 ni. A kò tíì ka ohun tí wọ́n máa rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà, omi inú ọ̀rá, ọsàn àti ẹran sísun níwájú pápá.

Àwọn òyìnbó náà ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó gbọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, Arsenal gbàlejò Manchester City, wọ́n sì ta tíkẹ́ẹ̀tì àlejò ní £62. City dá tíkẹ́ẹ̀tì 912 padà nínú 3,000 tí wọ́n fún wọn, torí àwọn èèyàn wọn kò rà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé ìtàn yìí kalẹ̀ bí ẹni pé Arsenal rẹ́ àlejò jẹ. Ìwé òfin Premier League, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà bẹ́ẹ̀, torí ó ti wà nínú rẹ̀ pé iye tí àlejò máa san kò gbọ́dọ̀ ju ti onílé tó jókòó sí irú àyè kan náà lọ. Àwọn ọmọ Arsenal náà ń san owó gọbọi yẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kí iye dọ́gba nìkan kò tíì tó. Bí mo bá ń fi ìdọ́gba rẹ́ ẹ̀yin méjèèjì jẹ, ìrẹ́jẹ ṣì ni.

Lọ́dún 2016, ọ̀rọ̀ kan àwọn onílé gan-an. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool dìde ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin, wọ́n sì jáde kúrò ní Anfield, torí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ máa ta tíkẹ́ẹ̀tì kan ní £77. Wọ́n ń na Sunderland ní 2-0 nígbà tí àwọn èèyàn jáde, 2-2 ni bọ́ọ̀lù náà parí sí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbé iye yẹn wálẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ Premier League fẹnu kò pé láti sáà 2016/2017, tíkẹ́ẹ̀tì àlejò kò gbọ́dọ̀ ju £30 lọ níbikíbi. Èyí túmọ̀ sí pé ní pápá mìíràn, àlejò ń san iye tó kéré sí ti onílé tó wà nítòsí rẹ̀. Àwọn onílé kan ń kùn sí i. Èmi fara mọ́ ọn. Ẹni tó ti Newcastle lọ sí London ti náwó sí ọ̀nà kó tó rí ẹnu géètì.

Ti Barcelona àti Manchester United lọ́dún 2019 ni mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn olórí ẹgbẹ́ tó bá wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi. Barcelona ní kí àwọn alátìlẹ́yìn United san £102. United fárígá. Wọ́n gba £102 náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti Barcelona bọ̀, wọ́n sì fi owó tó lé lórí rẹ̀ dín £27 kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tiwọn tó ń lọ sí Spéìn. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ tọ ipasẹ̀ owó yẹn. Ó jáde láti àpò ará Barcelona, ó gba Manchester kọjá, ó di àdínkù fún alátìlẹ́yìn United, ó sì padà wọ àpò ẹgbẹ́ Barcelona nígbà tí ẹni yẹn san £102 rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà rò pé àlejò lòun ń bù jẹ. Alátìlẹ́yìn ara rẹ̀ ló bù jẹ. UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, náà ti fi òté lé e: fún Champions League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù, àlejò kò gbọ́dọ̀ san ju €60 lọ ní sáà 2024/2025, wọ́n sì tún gbé e wálẹ̀ sí €50 ní sáà 2025/2026.

Ẹlòmíràn máa ń sọ fún mi pé àlejò ń dá kún owó ọlọ́pàá. Òótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù tí àlejò pọ̀ níbẹ̀ ń fẹ́ ọlọ́pàá sí i. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ń jà. Owó ààbò, bí owó jẹnẹrétọ̀ àti owó dókítà orí pápá ni, gbogbo ẹni tó wọlé ló yẹ kó gbé e.

Ó ku ohun tí o lè ṣe. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, wo ara rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ₦1,000 sí i, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà kò gbà kí òǹtajà gba ju iye tó fi hàn síta lọ, àjọ FCCPC ló sì ń rí sí i. Má lọ bá ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì jà, torí ó lè jẹ́ pé irú àṣẹ tí wọ́n pa fún mi ni wọ́n pa fún òun náà. Kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Sọ ọjọ́, sọ géètì tí o gbà wọlé, fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì sí i, kí o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹ́yìn yín.

Ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹ́yìn yìí ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè dúnàá-dúrà lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n àádọ́ta èèyàn lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí alága yín pe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, kó sọ iye ẹni tó ń bọ̀, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí iye, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì san owó náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ti ṣètò irú rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì. Àdéhùn náà kò ju ojú ewé kan lọ: iye tí o bá gbà lọ́wọ́ èèyàn mi ni n ó gbà lọ́wọ́ èèyàn rẹ, àwa méjèèjì á sì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó lẹ́nu géètì.

Bí ẹ bá sì ń ṣàdéhùn, ẹ má gbàgbé oòrùn. Ẹgbẹ́ tí kò lè fi owó rẹ́ àlejò jẹ mọ́ máa ń fi ìjókòó rẹ́ wọn jẹ. Bọ́ọ̀lù aago 4 ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá jókòó sí ìhà ìlà-oòrùn ni oòrùn máa ń wọ̀ lójú títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń kó àlejò sí. Ẹ béèrè fún apá kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òjìji tètè máa ń dé, kódà bó jẹ́ ìlà ìjókòó mẹ́ta péré. Ìgbà tí ẹgbẹ́ wa bá sì wá sí Ìbàdàn, èmi náà á wà nínú bọ́ọ̀sì. Orúnkún mi kò gba ìdúró mọ́, nítorí náà ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún mi nínú òjìji tiyín.